Okùn Ẹnu Ọ̀nà Okdan

Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ṣí fìlà lórí Baálẹ̀ Sim ni àwọn obìnrin abúlé Solme mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná yìí ti kúrò ní àwàdà. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti di baálẹ̀, kò sẹ́ni tó rí àtàrí rẹ̀ rí. Fìlà onírun ẹṣin dúdú ni, ó fẹ̀ bí àwo, okùn sílíkì rẹ̀ ń gba abẹ́ àgbọ̀n. Bó ń jẹun, bó ń bá àwọn ìránṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ ni fìlà náà ń wà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ìgbà ìrúwé tó máa ń já bọ́ láti orí òkè wá sétí òkun gbá a lójijì, ó gbé e sọ sínú oko ọkà báálì. Baálẹ̀ sáré tẹ̀lé e, ó fi ọwọ́ kan di kókó irun orí rẹ̀ mú, ó fi èkejì ká ẹ̀wù funfun rẹ̀ sókè kó má baà kọsẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lódò ń wo aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sórí àpáta. Aṣọ funfun balau ni. Eérú ti ń bà lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń bu ata gígún sọ́bẹ̀.

Ìyá Dori wà láàárín wọn. Ìyàwó Chilbok ni. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Dori, wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já, ó ń rún etí ọ̀já náà lẹ́nu torí pé eyín ń yọ fún un. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń gbọ́ pé iná ti gba gbogbo orí òkè, pé láti ìhà Samcheok títí dé Ganseong, kò sí abúlé tí kò rí èéfín. Ohun tí Ìyá Dori ń retí ni kí ẹnì kan tó láṣẹ sọ pé kí gbogbo ilé máa lọ sétí òkun. Ohun tó gbọ́ ni agogo idẹ tí wọ́n ń lù gbàn-ìn gbàn-ìn níwájú ilé Baálẹ̀.

"Gbogbo ọkùnrin, sórí Òkè Ọba!" Baálẹ̀ ń pariwo, fìlà ti padà sórí rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀. "Ajẹ́lẹ̀ ti ránṣẹ́. Igi páínì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi ọba wà lókè yẹn. Bí ọ̀kan bá jó, orí tèmi ni wọ́n á kọ́kọ́ bẹ́."

Ìyá Dori gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ tẹrí ba níwájú rẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, bí gbogbo ọkùnrin bá lọ sórí Òkè Ọba, ta ló máa bójú tó ilé?"

"Ilé wo?"

"Ilé tiwa."

"Ilé koríko lò ń pè nílé. A óò tún un kọ́. Ṣé ìwọ lo máa tún igi ọba hù?"

"Àwọn páínì tó wà lẹ́yìn ilé wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ìwọ̀nba lulẹ̀, kí iná má baà rí ọ̀nà gbà—"

"Gé?" Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ajẹ́lẹ̀. "Ìyàwó Chilbok, ṣé ó ń wù ọ́ kí wọ́n na ọkọ ẹ ní pàṣán títí ìdí ẹ̀ á fi bó ni? Igi ọba nìyẹn náà."

"Iná ò mọ̀ pé igi ọba ni, bàbá."

"Lọ ká aṣọ ẹ."

Bí Chilbok ṣe ń lọ pẹ̀lú àwọn yòókù, tó gbé àáké àti ẹ̀ka tútù lé èjìká, ó yà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dori.

"Bó o bá ti rí iná lórí òkè yẹn, etí òkun ni o. Má kó nǹkan kan. Àti pé, lọ wo Okdan."

"Wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé."

"Ìwọ ṣáà lọ wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sáré bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ilé Okdan ló wà lókè pátápátá, níbi tí ẹ̀ka páínì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá koríko òrùlé. Ọmọ etí òkun kan náà ni òun àti Ìyá Dori. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣa ìṣáwùrú láàárín àpáta ní kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Dori wá sílé ọkọ ní Solme, ó ń sunkún ilé títí wọ́n fi gbé Okdan náà wá fún Mansik. Láti ọjọ́ yẹn ni Okdan ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n.

Okùn náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ tuntun bá wọlé kan nílẹ̀ yẹn, wọ́n á fi ọwọ́ òsì lọ́ pòròpóró ìrẹsì lódìlódì, wọ́n á ta á láti òpó dé òpó lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á fi ata pupa há a. Bó bá jẹ́ obìnrin, èédú àti ewé páínì. Títí ọjọ́ méje á fi yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àlejò kankan ò gbọdọ̀ ré e kọjá. Ẹni tó bá sì fojú kan òkú, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló ni ilé, ìta lá máa sùn. Èédú ló wà lórí okùn Okdan, afẹ́fẹ́ ń jù ú síwá sẹ́yìn.

"Ẹ kú ilé o! Ìyá Mansik, ẹ kú ọwọ́ lómi o!"

Obìnrin gíga, tín-ín-rín kan yọ sí àgbàlá, ó fi egungun dídán di irun funfun rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn. Ìyá ọkọ Okdan ni.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni mà, Ìyá Dori."

"Dúró síbẹ̀ yẹn."

"Mo dúró, mà."

"Sún sẹ́yìn sí i."

Ìyá Dori sún sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iná ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé Okdan lọ sétí òkun báyìí tí ọ̀nà ṣì mọ́."

"Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ò tíì pé. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára ẹ̀, kò lè nàró. Ṣé o fẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú eegun ẹ̀ ni?"

"Bí iná bá wọ inú eegun ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ nìyẹn! Èyí tó o ṣe léṣìí ò tó ọ."

Ìyá Dori gbé e mì. Léṣìí, nígbà tí Okdan bí àkọ́bí rẹ̀, ata pupa ló wà lórí okùn ẹnu ọ̀nà yìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dúró. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ ewé òkun, irú èyí tí wọ́n máa ń fún abiyamọ, ó tẹ̀ ba, ó gba abẹ́ okùn wọlé nígbà tí ọjọ́ ò tíì pé. Ibà mú ọmọ náà, ó sì kú. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ibà náà ti wà lára ọmọ kí ọbẹ̀ tó dé. Láti ìgbà náà, bí Ìyá Mansik bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, á bọ́ sígbó fún un.

Ohùn kan jáde láti inú yàrá, ó tín-ín-rín bí òwú. "Ṣé Ẹ̀gbọ́n nìyẹn?"

"Dákẹ́, fún ọmọ lọ́yàn," ìyá ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Mansik á sọ̀ kalẹ̀ wá gbé ìyàwó ẹ̀. Àwa la fẹ́ ẹ sílé, àwa la mọ bí a ó ṣe gbé e. Máa lọ."

Ìyá Dori lọ. Ó ń bínú débi pé ó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, àtàǹpàkò ń ro ó títí tó fi dé ilé Màmá Gosan.

Màmá Gosan, opó àgbà tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti gbé e wá pè, ń dá gbé. Ó jókòó níwájú ààrò rẹ̀, ó ń fi eérú bo ẹyin iná nínú ìkòkò amọ̀ kan jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn.

"Màmá, ẹ dìde ká lọ."

"Mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n di iná mi."

"Iná kẹ̀?"

"Ọjọ́ tí mo wọlé yìí ni ìyá ọkọ mi gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìyá ọkọ tiẹ̀ ló gbé e lé òun náà lọ́wọ́. Kò kú rí. Obìnrin tó bá jẹ́ kí iná ààrò kú nílé ọkọ ẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi wo àwọn tó ti lọ?"

"Màmá Gosan, ẹ yíjú wo ẹ̀yìn ilé yín! Iná tó wà lọ́hùn-ún yẹn tó dá fún gbogbo ààrò ayé!"

Màmá yíjú. Pupa ti ń yọ lẹ́yìn òkè. Ó wò ó fínnífínní, bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò lọ́jà kó tó rà á.

"Ìyẹn kì í ṣe tiwa," ó ní.

Ìyá Dori ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun fi igbe ta. Ó ká aṣọ, ó ṣe òṣùká, ó gbé ìkòkò náà rù. Báyìí ni obìnrin tó ń sá fún iná ṣe ru iná sórí, ọmọ lẹ́yìn, ìyá arúgbó lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ìyá arúgbó náà sì ń sọ fún un ní gbogbo ọ̀nà pé, "Rọra o. Má mì ín. Ṣé o ò jẹun ni?"

Ìgbà tí wọ́n dé ìyànà, iná ti yọrí sórí òkè. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí òkun bá ń ru. Àwọn obìnrin ń sáré kọjá, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé adìyẹ, ẹnì kan gbé àkúfọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ti ń jò sí i lára.

"Ẹ bá mi rí Okdan?"

"Mo pè é lẹ́nu okùn," ẹnì kan ní. "Kò dáhùn. Wọ́n ti lọ."

"Èmi náà pè é," ẹlòmíì ní. "Lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀."

Ẹnu wọn bára mu. Ọkàn Ìyá Dori rọlẹ̀ díẹ̀, ó sì mú ojú ọ̀nà òkun pọ̀n.

Etí òkun kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ń sunkún, àwọn àgbà ń to àpótí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn sí sórí iyanrìn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jùra lọ, wọ́n tún ń bá ara wọn jà lórí ta ló yẹ kó ṣáájú. Ìyá Dori gbé iná Màmá Gosan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ apẹja kan, ó ń na ọrùn. Lójú kan, jìnnà sí gbogbo èèyàn, ó rí Ìyá Mansik tó jókòó sórí iyanrìn, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orókún, ó na àtẹ́lẹwọ́ síta bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí.

Ìyá Dori dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Okdan dà?"

Ìyá àgbà náà ò wojú rẹ̀. "Ó wà nílé."

"Nílé ibo?"

"Lẹ́yìn tó o lọ, wọ́n ń gbé ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, wọ́n fi ẹní bò ó. Mo jáde. Mo rò pé Mansik ni. Mo ṣí ẹní náà." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe Mansik. Gu tó ń ṣọ́ igbó ni. Mo ti rí òkú, mo ti fọwọ́ kàn án. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà wọ inú okùn?"

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún un pé kó máa bọ̀. Ó ní òun ò lè dìde. Mo ní kó dúró de ọkọ ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni mo bẹ̀ pé kí wọ́n lọ pè é."

"Wọ́n lọ pè é! Gbogbo wọn ló pè é! Gbogbo yín dúró níta, ẹ̀ ń pè é!" Ìyá Dori ò mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ lọ sókè bẹ́ẹ̀. Láyé rẹ̀, kò pariwo mọ́ ìyá tó jù ú lọ rí. "Ta ló wọlé?"

"Ọmọ yẹn á kú bí mo bá fọwọ́ òkú gbé e!"

"Á wá yè síbi tí ẹ fi í sí yẹn?"

Ìyá Dori sáré padà sídìí ọkọ̀ apẹja, ó tú ọ̀já, ó já Dori gbà lẹ́yìn ara rẹ̀, ó gbé e lé Màmá Gosan lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú; ó ní láti ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ sì ń ya lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ náà.

"Bí mi ò bá padà—"

"Wàá padà," Màmá Gosan ní. "Gbé ọ̀já ẹ dání."

Ó gba inú odò lọ. Ó ri yẹ̀rì rẹ̀ bọ omi, ó fi bo orí. Èéfín ti bo gbogbo òkè abúlé. Ilé Baálẹ̀ ti ń jó, ilé Màmá Gosan ti ń jó, ẹta iná ń fò kọjá lókè bí eṣinṣin pupa. Ìgbà tó dé ilé Okdan, igun òrùlé ti ń rú èéfín, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ṣì wà bó ṣe wà, okùn náà gùn gbọọrọ láti òpó dé òpó, èédú ń mì lórí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ìyá Dori sì dúró.

Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló dá a dúró. Ńṣe ló dúró. Ojú rẹ̀ ń rí abọ́ ọbẹ̀ léṣìí, ó ń rí ata pupa.

"Okdan!" ó ké láti ìta. "Okdan o!"

Ó tẹ́tí. Ó gbọ́ iná, ó gbọ́ afẹ́fẹ́, kò gbọ́ nǹkan míì. Ìgbà yẹn ló rí ara rẹ̀ bó ṣe dúró: ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ẹsẹ̀ lẹ́yìn okùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ti pè kó tó dé. Inú bí i sí ara rẹ̀ ju bó ṣe bí i sí ẹnikẹ́ni láti àárọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá okùn náà mú, ó fà á títí ìdè ọwọ́ ọ̀tún fi tú lára òpó, ó fa ìyókù mọ́ra, ó sáré wọlé.

Okdan wà nílẹ̀ yàrá, ojú rẹ̀ funfun bíi pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ọmọ wà láàyà rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ilẹ̀ yàrá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ látinú iná ààrò tí ìyá ọkọ rẹ̀ dá láàárọ̀, tí ooru rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá, kí òtútù má baà mú abiyamọ.

"Mo dáhùn, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Kò ju kí èèyàn mí lọ. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n pè ni mo dáhùn. Ohùn mi ni ò dé ọ̀hún."

Ìyá Dori kúnlẹ̀ tì í. "Ó ti tó. Dìde."

Okdan rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó yí ẹ̀yìn padà. "Okùn wa nìyẹn. Ẹ tún ti ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún ti ṣe é. Dìde."

"Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ pa èyí àkọ́kọ́."

"Mo mọ ohun tó ní. Ìwọ ńkọ́, kí lo ní?"

Koríko òrùlé ta pàrà lókè wọn. Okdan pa ojú dé. "Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ọdún yẹn, Ìyá Dori ti rò pé ìyá ọkọ nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù. Àmọ́ èéfín ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kò sí ààyè láti sunkún.

"Máa gbà bẹ́ẹ̀ lọ," ó ní. "Àmọ́ dìde."

"Bí mo bá jáde kúrò nínú okùn, á kú bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wá sílẹ̀."

Ìyá Dori dìde. Ó lọ sídìí àmù omi, ó ri okùn náà bọ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀ títí ó fi mu omi gbin. Ó padà wá, ó gbé Okdan jókòó, ó yí okùn náà mọ́ ọn lára, òun àti ọmọ papọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ta á ní kókó.

"Ó dáa. Níbo lo wà báyìí?"

Okdan wo ara rẹ̀, ó wo ewé páínì tó lẹ̀ mọ́ ọn lórí ẹ̀wù.

"Mo ní níbo lo wà? Ṣé inú okùn ni àbí ìta okùn?"

"Inú," Okdan ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èédú ń gún mi nígbáàyà."

"Jẹ́ kó gún ọ."

Ó pọ̀n ọ́n. Ó fi ọ̀já Dori gbá a mọ́ ẹ̀yìn bí ìgbà tí èèyàn pọn ọmọ, ọmọ tuntun wà láàárín wọn, orí rẹ̀ ń kan ọrùn Ìyá Dori. Bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu ọ̀nà ni òrùlé jìn sínú yàrá. Odò ni wọ́n gbà. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń bú Baálẹ̀, ó ń bú páínì, ó ń bú ọba tó wà ní Hanyang, olú ìlú, tí kò mọ̀ ọ́n rí, Okdan sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á gbọ́ o." Ó ní kí wọ́n gbọ́.

Létí òkun, Ìyá Mansik dìde dúró nígbà tó rí wọn. Kò sún mọ́ wọn. Ó wo okùn tó yí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ká, omi ń ro lára rẹ̀, ewé ti já dànù níbì kan. Gbogbo èèyàn ń retí ohun tó máa sọ.

"Ta ló kọ́ ọ pé báyìí ni wọ́n ń so okùn?" ó ní.

Ó ní kí wọ́n bá òun ri àjẹ̀ ọkọ̀ méjì mọ́ iyanrìn. Ó ní kí wọ́n ta okùn náà láàárín wọn, kí Okdan àti ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ náà," ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Ìyá Dori, "wọlé sí i. O ti fara kan ọmọ. O ò tún gbọdọ̀ jáde lọ kó nǹkan míì wá." Òun fúnra rẹ̀ jókòó síta, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú kọ òkè. Bó ṣe sé Ìyá Dori mọ́ inú okùn nìyẹn, wàrà ń dà lọ́yàn rẹ̀, Dori sì ń han gooro lọ́wọ́ ẹlòmíì, títí Màmá Gosan, tí kò bi ẹnikẹ́ni, fi gbé ọmọ náà gba orí okùn fún un bí ẹni gbé ẹrù.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọ̀, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mansik dé, irun ojú rẹ̀ ti jó tán. Baálẹ̀ Sim dé, kò sí fìlà. Chilbok ò dé. Wọ́n ní orí Òkè Ọba ló wà, ó ń fi ẹ̀ka tútù na iná lára igi, nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà. Igi náà jó. Gbogbo rẹ̀ ló jó.

Nínú gbogbo ilé Solme, iná kan ṣoṣo tó kù tó wúlò ni èyí tó wà nínú ìkòkò Màmá Gosan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bu ẹyin iná se oúnjẹ lórí iyanrìn, ibẹ̀ náà ni gbogbo ààrò tuntun ti gba iná lẹ́yìn náà. "Ṣé o rí i?" Màmá ń sọ fún Ìyá Dori, ọjọ́ kan kì í kọjá kó má sọ ọ́. "Ṣé o rí i?"

Àwọn ìránṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ dé lórí ẹṣin. Wọ́n gòkè lọ, wọ́n wọn ìdí igi kọ̀ọ̀kan tó jó, bó ṣe tóbi sí. Kò sẹ́ni nínú wọn tó béèrè orúkọ ẹni tó kú níbẹ̀. Wọ́n na Baálẹ̀ ní pàṣán nítorí igi ọba, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé kí wọ́n tó gbin òmíràn. Ìyá Dori pọn ọmọ rẹ̀ gòkè pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń fi ọkọ́ kékeré gbẹ́ eérú, ó ń ki irúgbìn páínì bọ ilẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti rí àáké ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó rántí ìbéèrè Baálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iná, pé ṣé òun lóun máa tún igi ọba hù, ó jókòó sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí àwọn obìnrin fi wá fà á dìde.

Ọmọ Okdan yè. Morae ni wọ́n ń pè é, ìyẹn iyanrìn. "Ó yè torí pé okùn ò kúrò lára ẹ̀," ni Ìyá Mansik ń sọ fún gbogbo ayé. Okdan ń wá sílé Ìyá Dori, ó ń bá a lọ ìrẹsì, ó ń bá a ran aṣọ, àmọ́ wọn ò sọ̀rọ̀ ọmọ àkọ́kọ́ mọ́. Ìyá Dori ń retí pé lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà náà á pe òun, á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ọbẹ̀ yẹn. Ó retí títí ó fi sú u. Kò gbọ́ ọ.

Páínì tí wọ́n gbìn ti ga ju èèyàn lọ nígbà tí Dori mú ìyàwó wálé, tí ìyàwó náà sì bímọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ dé, Ìyá Mansik fi ọ̀pá dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí dòjé, ó gbé pòròpóró ìrẹsì há abíyá. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ òsì lọ́ okùn, ó fi ata pupa há a. Ó so apá kan mọ́ òpó le dandan. Apá kejì, kò ta á ní kókó. Ó ṣe é ní ojóbó, ó sì fi kọ́ èèkàn lásán. Ó fi ìka kan gbé ojóbó náà kúrò, ó tún fi í kọ́ ọ, ó tún gbé e kúrò lẹ́ẹ̀kan sí i, láti rí i pé bó ti wù kí ọwọ́ èèyàn máa gbọ̀n tó, á lè ṣí i.

Ìyá Dori dúró nínú àgbàlá, ó ń wò ó. Ìyá Mansik ò gbé ojú sókè.

"Afẹ́fẹ́ ìrúwé ti ń bọ̀," ó ní, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.